Káàdì Bàbá Olúyọmí

Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ kó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́. Nínú àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná, gbogbo wọn ṣì wà láyé: ìyáálé mi Àṣàkẹ́, àbúrò mi Láníhùn, àti ọkọ mi, Bàbá Olúyọmí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu. Mo ń mú un lọ sílé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ọ̀hún léfòó sójú ọ̀run lókè odò, okùn tí a fi ń sá aṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ igi ìyeyè. A gun okùn náà lọ. Kò yà mí lẹ́nu.

Dókítà ní kí káàdì ọkọ mi ṣáà ti dé ọwọ́ òun kí òun tó lè wò ó. Bí oòrùn bá ti kan orí igi ìyeyè, òun ń lọ sílé.

Akọ̀wé tó ń wá káàdì ni Ọ̀gbẹ́ni Adéròjú. Òkìtì káàdì ga dé àjà. Á mú ọ̀kan, á bi í pé, "Ṣé ìwọ ni Bàbá Olúyọmí?" Káàdì á ní, "Èmi kọ́, sà." Á rọra gbé e kalẹ̀, á mú òmíràn. Ó rẹ̀ ẹ́ títí ó fi di ewúrẹ́. Síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ló ń fẹnu gbé e.

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Adéròjú, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ò lè jókòó pẹ́."

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá," ewúrẹ́ wí. "Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Àánú ẹ̀ ṣe mí. Ojú ẹ̀ ti pọ́n.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì wúkọ́. "Ìyá, láti àárọ̀ mo ti wà níbí, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dín àkàrà, ṣé ẹyọ ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan lẹ máa ń bó?"

"Ta ló ráyè ẹ̀? Inú omi ni mo ti ń fọwọ́ ra á, gbogbo èèpo á léfòó pọ̀."

"Ó dáa, bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe wá káàdì. Ẹ má pe orúkọ kankan. Irú èèyàn wo lẹ ń wá?"

"Àwọn tẹ́sẹ̀ wọn wú, tí wọ́n ti débí kílẹ̀ tó mọ́."

Odò gòkè wọ ọ́fíìsì. Òkìtì káàdì rì, mẹ́ta péré ló léfòó, lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ọkọ mi wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ fi ìwo gbé wọn fún dókítà. Bàbá Olúyọmí dìde, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Olúyọmí, dúró dè mí. Mi ò ní pẹ́."

Mo jí. Mórádéùn, ìyàwó ọmọ mi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà rírẹ. Èékánná ló fi ń bó o, ẹyọ kan, ẹyọ kan.

"Ìyàwó, ìgbà wo lo fẹ́ bó o tán?"

"Mo fẹ́ kó mọ́ dáadáa ni, Màmá. Àkàrà ìrántí Bàbá ni."

Mo bu omi sí i, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àná ló pé ọdún mọ́kànlá tí Bàbá Olúyọmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú akọ̀wé kan tí kò burú, tó ń ṣí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀. Nígbà tó kan tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni akọ̀wé pe orúkọ náà. Èmi ni mo dáhùn. Ọkọ mi ti dákẹ́ sí èjìká mi.