Ẹ̀rín Ìyá Ìkùukùu

Bí wọ́n bá ní ẹnìkan fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ilé, kò ní yà wá lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní ó fi ọ̀pọ̀ oṣù wá ọkọ, a ó ní kí Ọlọ́run bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n obìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀rín kan ṣoṣo ló fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe. Ẹ̀rín náà ò sì gùn ju kí èèyàn mí sínú, kó mí síta lọ.

Iṣẹ́ òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n máa ń fi kọ̀ǹpútà ya ohun tí kámẹ́rà ò lè rí fún àwọn tó ń ṣe fíìmù. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ọ́fíìsì wọn wà, aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo gbogbo fèrèsé, tó fi jẹ́ pé òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ò yàtọ̀ síra níbẹ̀. Èèyàn á kàn jókòó sínú òkùnkùn tútù yẹn, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró á máa tàn sí i lójú, kò ní mọ̀ bóyá òjò rọ̀ níta tàbí oòrùn ló ràn. Ohun tí oníkálukú ń ṣe ni wọ́n fi ń pè é. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe eruku àti èéfín ni Eléruku. Ẹni tó ń ṣe omi ni Olómi, ẹni yẹn kì í mu omi kó má kọ́kọ́ gbé ife sókè wò ó bó ṣe ń mì. Obìnrin tiwa yìí, ojú èèyàn ló ń ṣe, Àǹtí Ojú ni wọ́n ń pè é.

Fíìmù tí wọ́n ṣe yìí kì í ṣe kékeré. Ó ti pẹ́ táyé ti ń retí rẹ̀, débi pé àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀ ti hu irùngbọ̀n. Ìtàn àwọn arìnrìn-àjò kan ni, tí wọ́n wọ ọkọ̀ kúrò nínú ayé yìí lọ sí ayé mìíràn. Ayé ọ̀hún ò ní ilẹ̀. Ìkùukùu ló wà níbẹ̀, lábẹ́ ìkùukùu, ìkùukùu mìíràn tún ni. Wọ́n á máa fò lọ, wọ́n á máa fò lọ, títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu wọn. Ìgbà náà ni ìkùukùu á rọra kóra jọ níwájú ọkọ̀ wọn, á di ojú ìyá àgbàlagbà kan, ojú náà á fẹ̀ tó òkè. Ìyá náà á wò wọ́n. Á rẹ́rìn-ín, ọ̀nà á sì là. Ìyá Ìkùukùu ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí wọ́n gbé ojú yìí fún Àǹtí Ojú, wọ́n ní kó fún un ní irú ẹ̀rín tó bá wù ú. Háà. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ìyá ẹni. Ìyá rẹ̀ ti kú. Fídíò kan péré ló ní tí ìyá náà ti ń rẹ́rìn-ín, orí fóònù ló wà: ìyá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan tí a ò gbọ́ dáadáa, ìyá sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú, ló tẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, tó wá ń gbé e wọ inú ìkùukùu díẹ̀díẹ̀.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Bàbá rẹ̀ gan-an ni kò fẹ́ kó gbọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú ni bàbá ti yí gbogbo fọ́tò ìyàwó rẹ̀ dojú kọ ògiri, bí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ olóògbé, á ní òun fẹ́ lọ wo iná tó wà lórí sítóòfù, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lórí sítóòfù. Ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ ò ju ọ̀kan lọ: kí bàbá pàdé ìyàwó rẹ̀ lójijì, níbi tí kò ti ní ògiri tó máa yí i sí.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi fíìmù náà han àwọn oníròyìn àtàwọn olólùfẹ́ fíìmù dé, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹnìkan wá. Bàbá ló mú lọ. Iná kú. Ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ kọjá níwájú wọn, ó funfun, ó pọ́n díẹ̀ létí, kò sì pariwo. Àwọn èèyàn gbàgbé láti jẹ gúgúrú ọwọ́ wọn. Gbọ̀ngàn sinimá náà ń rọra léfòó lọ, àga àti èèyàn àti gbogbo ẹ̀. Àǹtí Ojú ò wo ohun tó wà níwájú, ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò. Ojú ńlá náà kóra jọ, ó rẹ́rìn-ín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba orí awò ojú bàbá kọjá. Bàbá wúkọ́. Ó tán síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá ní, "Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọkọ̀ yẹn, áà! Mo di àga mú."

"Ìyá inú ìkùukùu ńkọ́, bàámi?"

"Ìyá wo? Hẹn-ẹn, ìyá yẹn. Ìyẹn náà dáa." Bàbá wẹ̀yìn wò. "Níbo ni ilé ìtọ̀ wọn wà ná?"

Ó dun Àǹtí Ojú. Ó dùn ún débi pé ó gbàgbé ibi tí ilé ìtọ̀ wà.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ọ́fíìsì ti dorí kodò sórí fóònù, ọ̀rọ̀ àwọn tó wo fíìmù ti ń rọ́ wọlé. Ẹnìkan kọ ọ́ pé, "Mo ti wò ó tán, ṣùgbọ́n mi ò tíì padà sílé ayé." Ẹlòmíràn ní, "Nígbà tí mo jáde, mo fọwọ́ kan aṣọ mi, mo rò pé ìkùukùu ti sọ ọ́ di tútù." Ẹnìkan ní eruku tí ọkọ̀ yẹn tú jáde mú kí òun sín. Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra: Eléruku fò dìde, ó jó láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé.

"Mo mú wọn sín! Ẹ gbọ́, mo mú ọmọ aráyé sín!"

Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. "Gbogbo ẹ̀ ló dára, àyàfi ẹ̀rín ìyá yẹn. Rọ́bà ni." Òmíràn tẹ̀ lé e: "Ẹ̀rín ẹni tí ayàwòrán ní kó rẹ́rìn-ín." Òmíràn: "Wọ́n fún ìràwọ̀ lẹ́mìí, wọ́n fún eruku lẹ́mìí, ó wá ku ìyá arúgbó kan ṣoṣo, ẹ̀mí tán lọ́wọ́ wọn." Wọ́n ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹni tí ò sì tíì wo fíìmù rárá náà ti ń bá wọn sọ ọ́.

"Ìyá ta ni rọ́bà?" Àǹtí Ojú sọ fún fóònù ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá yín ni rọ́bà! Ìran yín ni ò lẹ́mìí!"

Fóònù ò fèsì. Ọ̀gá ọ́fíìsì ló pè é wọlé, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ohùn tí wọ́n fi ń túfọ̀. Ẹni tó darí fíìmù náà ti rí ohun táwọn èèyàn ń sọ. Ó ní kí wọ́n tún ẹ̀rín náà ṣe kí fíìmù tó jáde sí gbangba, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n gé e kúrò. Kí ìyá náà kàn wò wọ́n, kó sì fọ́n ká.

"Ọ̀gá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ẹtì tí kò tíì dáa, màá gé e. Má bínú sí mi."

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò tún ṣe. Ó ṣí fídíò ìyá rẹ̀ sápá kan kọ̀ǹpútà, ó ṣí ìyá inú ìkùukùu sápá kejì, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo omi. Eléruku gbé tíì kọjá, ó dúró.

"Ta nìyí?"

"Ìyá mi."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wọn? Ìyá rẹwà, ọmọ ń fajú ro." Ó tẹ̀ síwájú, ó wo fídíò náà títí òun náà fi ń rẹ́rìn-ín. "Áà, màmá mọ ẹ̀rín ín rín. Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ò fi ẹ̀rín yìí ṣe é?"

"Òun náà ni mo fi ṣe é."

Eléruku wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbé tíì kalẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú o. Àwọn méjèèjì ò jọra. Ẹnu màmá lọ sápá kan. Ẹnu tibí yìí gún bíi rúlà."

"Ẹnu ìyá mi ò lọ síbì kankan!"

Gbogbo ọ́fíìsì yíjú. Eléruku gbé tíì rẹ̀, ó rọra bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó pẹ́ kí Àǹtí Ojú tó lè wo fídíò náà padà. Nígbà tó wá wò ó, ó wò ó bí ìgbà tó jẹ́ ìyá ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú ìyá rẹ̀ lójijì, ó mú un nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó sì fi apá òsì ara rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọn ò ká. Ẹnu rẹ̀ ṣubú lápá ibẹ̀. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ojú kan á ti dì kí èkejì tó rántí. Fídíò kan ṣoṣo tó wà yìí, lẹ́yìn àìsàn ni wọ́n gbà á.

Kí ni òun wá ṣe? Lójoojúmọ́, lórí àga yìí, òun ti ń gbé etí ẹnu yẹn sókè díẹ̀. Òun ti ń jẹ́ kí ojú méjèèjì dì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sọ fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé òun ń tún un ṣe, ìka rẹ̀ ló kàn ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iṣẹ́ ni o, tó máa ń sọ fún wọn pé ojú tí apá rẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba, òkú ló ń jọ! Ohun tí dókítà ò rí ṣe, tí àdúrà ò rí ṣe, ó ti ṣe é. Ó ti wo ìyá rẹ̀ sàn, ìdí nìyẹn tí ọkọ ìyá náà ò fi dá a mọ̀.

Ó wá di pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá àrùn padà sí ìyá rẹ̀ lára. Ta ni irú ẹ̀ wù? Ó fọwọ́ lé orí, ó sunkún, kò bo ojú. Lẹ́yìn náà ló fa àga mọ́ra.

"Ẹ má bínú, màámi," ó ní. "Ẹ fara dà á fún mi."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó fa ẹnu náà wálẹ̀ níwọ̀nba. Ó jẹ́ kí ojú kan dì, kí èkejì máa bọ̀ lẹ́yìn. Ìkùukùu tẹ̀ lé e, ó rọra rọ̀ wálẹ̀ lápá òsì, ó sì yí lọ láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí èéfín inú yàrá tí atẹ́gùn ò sí. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é, ọjọ́ ń lọ, ọjọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn aṣọ dúdú ojú fèrèsé. Ní àkókò kan, ojú náà rẹ́rìn-ín, òun náà sì ti rẹ́rìn-ín dá a lóhùn kó tó mọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Olómi àti Eléruku ló dúró síbẹ̀. Eléruku la ẹnu láti ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín ló jáde.

Ẹni tó darí fíìmù náà wò ó, ó ní kí wọ́n tún un fi han òun. Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́.

Nígbà tí fíìmù jáde, Àǹtí Ojú lọ mú bàbá rẹ̀. Bàbá ní kí ló dé, ṣé òun ò ti wò ó ni? Ọmọ ní kó bá òun tún un wò. Bàbá ráhùn, ó wọ bàtà. Ọ̀sán ni, gbọ̀ngàn sinimá kún fọ́fọ́, wọ́n jókòó sáàárín àwọn tí wọn ò mọ̀ rí. Iná kú. Ìkùukùu dé, ó gbé gbogbo wọn, ó ń bá wọn lọ. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà sọ ìrètí nù. Ìkùukùu kóra jọ, ojú ńlá náà wò wọ́n, ojú kan dì, ẹnu rọ̀ sí òsì, ẹ̀rín sì bú jáde.

Bàbá dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, a ò ríran!" ẹnìkan sọ lẹ́yìn.

Bàbá ò gbọ́. Ní gbogbo ọdún àìsàn yẹn, bí ìyàwó rẹ̀ bá ti rẹ́rìn-ín, itọ́ a máa yọ́ jáde lápá ẹnu tó ṣubú, bàbá kì í sì í jẹ́ kó dé àgbọ̀n. Ó ti fa áńkáṣíìfù yọ lápò, ó ti ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó nà án síwájú nínú ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn.

"Rọra, ìyàwó mi," ó ní. "Rọra rín in."

Wọ́n tún pariwo lẹ́yìn pé kí bàbá jókòó. Ọmọ rẹ̀ ò fà á jókòó.