Wáìnì Ọ̀sán Fúráìdè

Màmá Wúrà ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ọgbọ̀n ọdún nínú rẹ̀ ló sì fi gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin Manchester. Láti ìgbà tí ìbàdí rẹ̀ ti kán ló ti wà ní ilé ìtọ́jú àgbà kan ní Crumpsall. Kò yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀. Ife wáìnì funfun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń gbé wá pẹ̀lú ẹja ọ̀sán Fúráìdè ti tó o. Wáìnì Faransé ni, kì í ṣe ti olówó, ó sì kan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́. Òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀, Oyèbámijí, ti ń mu ún láti ìgbà tí wọ́n ra ilé wọn ní Stretford.

Ní Fúráìdè kan, omi ọsàn ni Halimah gbé wá. Ọmọ Ìlọrin ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú wọn, kò sì tíì pé ọdún méjì tó dé ìlú Òyìnbó. Ó rọra kúnlẹ̀, ó ní kí Màmá má bínú, ọ̀gá ló ní kí àwọn dá wáìnì dúró. Màmá kò fọwọ́ kan omi ọsàn náà. Ó ní kí wọ́n bá òun pe ọ̀gá.

George tó jẹ́ ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fa àga jókòó, ó ṣàlàyé pé ìrì dídì ti jó ewé àjàrà ní Faransé, òjò àrọ̀ìdá sì ti mú kí èso tó kù jẹrà. Ìgò tí wọ́n ń rà ní pọ́n-ùn mẹ́fà ti di mẹ́sàn-án.

Màmá gbọ́ ọ dópin. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá rẹ̀, ó mọ ohun tí òjò ń fojú oko rí. Ohun tó dùn ún ni pé wọ́n jókòó láìsí òun, wọ́n wá yan ohun tí òun yóò pàdánù.

Ó ní, "George, ọ̀wọ́n kì í ṣe tuntun lójú mi. Ṣùgbọ́n tó bá dé, èmi fúnra mi ni màá sọ ohun tí màá fi sílẹ̀. Ẹ ò bi mí."

George ní òun kò lè máa bi èèyàn méjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá bi í pé kí ló dé.

Nígbà tó di Fúráìdè kejì, kí oúnjẹ tó délẹ̀, Màmá wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó ní òun ń lọ ra wáìnì òun. Halimah ní òjò ń rọ̀, kí òun lọ bá wọn rà á. Màmá kọ̀. Ó ní ẹ̀sìn ọmọ náà kò fẹ́ ọtí, òun kò sì ní torí ẹnu òun fi ọtí lé e lọ́wọ́. Ni Halimah bá bá a gbé agbòjò dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó dúró síta. Àwọn tó ń tajà fi òmíràn tó pọ́ọ́kú han Màmá. Ó ní òun kò béèrè ìyẹn. Nínú owó tó fẹ́ fi ṣe irun lóṣù náà ló ti yọ owó ìgò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ó gbé e ka orí tábìlì oúnjẹ, láàárín àwọn àwo ẹja. George sọ pé òfin ilé kò fàyè gba ọtí láti ìta.

Màmá ní, "Ṣé ilé mi nìyí tàbí kì í ṣe ilé mi? Sọ ọ́ kí gbogbo wa gbọ́."

Patience, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ ti ife tirẹ̀ síwájú. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, títí ife fi di méje. Ìka Màmá kò lágbára láti ṣí ìgò náà mọ́. George wò wọ́n títí, ó sì wá ṣí i. Ohun tó kan Màmá kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ, ṣùgbọ́n ó mu ún tìgboyà-tìgboyà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, George pe ìpàdé, ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n lè fi sílẹ̀ kí wáìnì lè padà. Bisikíìtì agogo mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ nawọ́ pé kí àwọn fi sílẹ̀. Bàbá Ọládipọ̀ tó fẹ́ràn bisikíìtì kò bá Màmá sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá lọ bá a, ó ní ẹjọ́ rẹ̀ tọ́, kí ó pe ìpàdé tirẹ̀.