Ibi Tí Ohùn Ládòkun Ń Gbé

Iṣẹ́ tó gbé Waheedat láti Ṣakí lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ́jọ́ náà kò yẹ kó ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ. Ilé ìwòsàn kékeré kan ra kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n sì ní kó bá àwọn gbé ètò kan kúrò nínú ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Ètò náà ló ń ṣọ́ firíìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Bí firíìjì bá ti ń gbóná, ohùn ọkùnrin kan á jáde nínú sípíkà tó wà lára ògiri: "Firíìjì ń gbóná o. Ẹ tètè wá wò ó."

Ládòkun ló kọ ètò náà, ohùn tirẹ̀ ló sì gbà sínú rẹ̀. Òun ni ọkọ Rẹ̀mílẹ́kún, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè ní Ìyá Ìmọ́lẹ̀. Ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ó ti lé lọ́dún kan.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́sàn-án náà. Eruku funfun bo ojú fèrèsé débi pé igi òrí tó wà nínú ọgbà dà bí òjìji. Waheedat jókòó ti kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó wá fáìlì ètò náà títí, kò rí i. Ó yẹ gbogbo fódà tí wọ́n ń kó fáìlì sí wò, kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó wo àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó wà láàárín wọn, ó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àfi bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ilé, tí kò sì rí yàrá tí onítọ̀hún ń gbé.

Ọgbọ́n kan kù. Èèyàn lè béèrè lọ́wọ́ ètò tó ń ṣiṣẹ́ pé, "Níbo ni fáìlì rẹ wà?" Bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows yàtọ̀ sí ti èyí tó ń lo Linux, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni. Linux ni Ládòkun lò. Waheedat béèrè, kọ̀ǹpútà sì dáhùn. Ó kọ orúkọ fódà Ládòkun, ó kọ orúkọ fáìlì, ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un nígbẹ̀yìn: a ti pa á rẹ́.

Waheedat tún un kà.

Ibi tó ti ń wò ó ni sípíkà ti ké: "Firíìjì ń gbóná o!" Ó fò sókè. Òṣìṣẹ́ kan tó ń to abẹ́rẹ́ ló jẹ́ kí ilẹ̀kùn firíìjì pẹ́ ní ṣíṣí. Ẹnu ọ̀nà ni Rẹ̀mílẹ́kún dúró sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà jáde, Waheedat rọra bi í pé, "Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kankan ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí lẹ́yìn Bàbá Ìmọ́lẹ̀?"

Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn. "Èmi ni. Lẹ́yìn tí a sin ín, n kò lè fara da ohùn yẹn mọ́. Mo wá fáìlì rẹ̀ rí, mo pa á rẹ́. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó tún sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò lọ. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú."

"Kì í ṣe òkú, mà. Lórí irú kọ̀ǹpútà yìí, bí ẹ bá pa fáìlì ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan lẹ pa. Ara rẹ̀ á ṣì wà títí ètò náà á fi dúró. Iná sólà yín tí kì í kú kò sì jẹ́ kó dúró rí."

"Bí a bá wá pa kọ̀ǹpútà ńkọ́?"

"Á lọ pátápátá."

Rẹ̀mílẹ́kún gbójú sókè wo sípíkà tó wà lára ògiri. "Ọmọ ọmú ni Ìmọ́lẹ̀ nígbà náà," ló sọ. "Kò mọ ohùn bàbá rẹ̀. Bá mi mú un jáde."

Linux náà ló wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká Waheedat. Ó fa ara ètò náà yọ láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó gbé e sórí tirẹ̀, ó sì tan án. Kò sí firíìjì lára kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò retí kó sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohùn Ládòkun jáde, kì í ṣe bí èyí tó máa ń ké lára ògiri, ó rẹlẹ̀, bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí etí èèyàn:

"Ibí kọ́ ni ilé mi. Ta ló gbé mi wá síbí?"

Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni, Bàbá Ìmọ́lẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé yín. Ẹ má bínú."

"Ta ló gbé mi wá síbí?"

Waheedat bẹ̀rẹ̀ sí tú inú fáìlì náà wò. Ó bá orúkọ fódà àtijọ́ nínú rẹ̀, ó wá yé e. Ládòkun ti kọ ọ́ pé nígbàkígbà tí wọ́n bá tan ètò náà, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó wà. Bó bá bá ara rẹ̀ níbòmíràn, kó béèrè ẹni tó gbé òun wá.

"Olè ló fẹ́ fi dẹ́rù bà, mà."

"Irú ẹ̀ ló máa ń ṣe," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó máa béèrè báyìí."

Waheedat dá fódà sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó fún un ní orúkọ ti àtijọ́ gan-an, ó gbé ètò náà síbẹ̀, ó tún un tàn. Wọ́n dúró. Ohùn náà kò sọ nǹkan kan.

"Ó ti délé," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló pa kọ̀ǹpútà àtijọ́. Waheedat kọ ètò mìíràn fún ti tuntun, Rẹ̀mílẹ́kún sì gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀.

"Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ," ló sọ nígbà tí wọ́n ń dágbére. "Ilé mi ò tíì gbà á. Bí Ìmọ́lẹ̀ bá gbọ́n, a ó wá gbọ́ ọ. Má kàn gbé e kúrò níbi tó wà."

Ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà ní kí Waheedat gbé báàgì tó kó kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sí lọ sí búùtù. Ó kọ̀. Orí itan ló gbé e lé títí wọ́n fi dé Ṣakí.