Rìsíìtì Kọkànlélọ́gbọ̀n

Ezra lá ìka, ó ṣí rìsíìtì kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Fọláyẹmí ń kà wọ́n lókàn. Ewé márùn-ún péré ló kù kó kan èyí tó ń bà á lẹ́rù.

Ọ̀dítọ̀ ni Ezra, ó wá yẹ ìwé iléeṣẹ́ èjéńtì ilé tí Fọláyẹmí ti ń ṣiṣẹ́ ní Braamfontein wò. Òfin wọn ò lọ́jú pọ̀: owó tí ayálégbé bá fi sílẹ̀, báǹkì ni kó lọ lójú ẹsẹ̀, sínú àkáǹtì tó jẹ́ ti àwọn oníbàárà nìkan. Kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ èjéńtì. Ẹni tó bá rú u lè pàdánù ìwé-àṣẹ rẹ̀, wọ́n sì lè ti ọ́fíìsì Mama Roseline, ọ̀gá wọn, pa pátápátá.

Owó rìsíìtì kọkànlélọ́gbọ̀n kò dé báǹkì rí. Inú báàgì Fọláyẹmí ló wà, nínú gèlè àtijọ́ kan, ẹgbẹ̀rún méjìlá rándì, kò dín kọ́bọ̀.

Bàbá Bùkúnọlá, tó ń ta fóònù ní Newtown, ló kó o wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn fún yàrá ọmọ rẹ̀ tó ń wọ yunifásítì. "Má tíì gbé e lọ sí báǹkì," ló wí. "Bí Bùkúnọlá ò bá fẹ́ràn yàrá yẹn, kí n lè gbà á padà kíá. Ṣebí ìwọ náà ni." Fọláyẹmí gbà. Ọmọ alájọ ni. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá rẹ̀ fi gba àjọ ní Iléṣà, kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni ò sọnù. Lójú tirẹ̀, owó tí a ò fọwọ́ kàn ò ní wàhálà kankan. Àfàgò kẹ́yin àparò, ohun tójú ń wá lojú ń rí.

Fọláyẹmí yọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe bàbá náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní òní lẹ kó owó yẹn wá."

"N ó sọ bẹ́ẹ̀." Ohùn Bàbá wá lọ sílẹ̀. "Fọláyẹmí, owó náà… ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà, Bàbá. Ó pé."

"Háà! Ọlọ́run ṣeun. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oorun ò ti kun ojú mi. Àràárọ̀ ni mò ń gba iwájú ọ́fíìsì yín kọjá, kí n lè rí i pé ẹ ṣì wà. Mi ò lè bi ọ́ ni. Wọ́n á ní mò ń fojú olè wo ọmọ wa."

Fóònù ti kú, Fọláyẹmí ò tíì kúrò lójú kan. Láti aago mẹ́jọ ni ẹ̀rù ti ń bà á, ó sì ti rò pé kò sẹ́lòmíì tó mọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bàbá ti ń gbé tirẹ̀ kiri.

Nígbà tó wọlé, Ezra ti dé ọgbọ̀n.

"Èyí tó kàn ò sí ní báǹkì," ni Fọláyẹmí wí, ó sì gbé gèlè náà sórí tábìlì. "Ọ̀dọ̀ mi ló wà."

"Eish, Fọláyẹmí!" Mama Roseline, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fọwọ́ bo ẹnu.

Ezra wo gèlè náà títí. "Ṣé oníbàárà ló ní kó o pa á mọ́?" Fọláyẹmí fẹ́ràn bí ohùn rẹ̀ ṣe rọ̀, ó sì mọ̀ pé ọkùnrin náà ń ṣílẹ̀kùn fún òun láti di ẹ̀bi ru Bàbá Bùkúnọlá ni.

"Òun ló sọ ọ́," ni Fọláyẹmí dáhùn, "àmọ́ èmi ni mo gbà, kò sì rí oorun sùn láti ọjọ́ náà."

Ezra mú bírò láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń ba Fọláyẹmí, ṣùgbọ́n ó fa àga, ó jókòó tì í.