Kò Sí Nílé

Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni “Kò sí nílé” wà nínú ìwé àyẹ̀wò ojú náà, ìkọ̀wé kan náà, gègé kan náà, bí ìgbà tí èèyàn jókòó sójú kan tó ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Olókùn tẹ́ ìwé náà sórí iwájú ọkọ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkọkànlá wà nísàlẹ̀, ìkọ̀wé tirẹ̀ sì nìyẹn. Ìyẹn kò dùn ún. Ó lọ sílé náà fúnra rẹ̀ lánàá, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ka oókan dé ogún gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

“Àǹtí, ó ti yá,” ni ọ̀gá wọn wí, ó na gègé sí i. Gbolóhùn yìí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì sọ ọ́: Ó-ti-yá. “Fọwọ́ sí i ká máa lọ.”

“Ọ̀gá, ta ló kan ilẹ̀kùn àwọn mẹ́wàá yìí?”

“Ilẹ̀kùn wo? Ṣebí mo lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, pé kí gbogbo ẹni tí a yàn wá ká yẹ ojú wọn wò. Ẹni tí kò wá, kò sí nílé nìyẹn.”

“Ẹ lẹ ìwé fún afọ́jú.”

“Ṣé kí n máa pọ̀n wọ́n wá ni?”

Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Ogójì àgbàlagbà tó ti lé láàádọ́ta ọdún ni wọ́n yàn ní àdúgbò náà. Àṣẹ tó wá láti oríléeṣẹ́ kò sì rújú: ẹ lọ bá wọn nílé, bí ẹ kò bá bá wọn, ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí ilé ẹ̀kọ́. Nínú wọn, kò sí ẹyọ afọ́jú kan. Bí ìwé yìí bá lọ sí oríléeṣẹ́ ní aago mẹ́rin, wọn yóò ní ojú àwọn ará ibí dá ṣáṣá, ọkọ̀ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ, tí kì í jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, yóò sì gba ibòmíràn lọ. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tí wọ́n bá fi òǹtẹ̀ lù ńkọ́?

Ó ká ìwé náà sábẹ́ apá, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́.

“Níbo lò ń lọ?”

“Mò ń lọ bá àwọn tí kò sí nílé.”

Okùn tí wọ́n fi ń pè é wà nínú àpò náà. Mítà mẹ́fà géérégé ni, òrùka irin kan wà ní orí kọ̀ọ̀kan. Òwú ló fi lọ́ ọ, nítorí okùn ọ̀rá máa ń nà, àràárọ̀ ló sì máa ń tún un wọ̀n. Ẹni tí wọ́n ń yẹ ojú rẹ̀ wò a di òrùka kan mú, òun a di èkejì, a wá gbé páálí tí wọ́n ya lẹ́tà E sí sókè. Ó lè yí i kí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì. Onítọ̀hún a nawọ́ síbi tí ẹsẹ̀ kọjú sí. Ẹni tí kò mọ̀wé náà lè ṣe é. Àǹtí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ní ilé àkọ́kọ́, ìyá kan tó jẹ́ aránṣọ nígbà kan jókòó sí ìloro, ó ń fọwọ́ wá etí aṣọ kó tó ká a.

“Kò sí nílé kẹ̀?” ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ pariwo. “Ọdún kẹta rèé tí màmá kò kọjá ìloro yìí!”

Àǹtí na ìka mẹ́ta síwájú ìyá náà. “Mélòó nìyí, mà?”

“Èyí tó bá ti wù ọ́, ọmọ mi.”

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ọmọlójú méjèèjì funfun bí omi ìrẹsì. Iṣẹ́ abẹ tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ ló ń mú irú rẹ̀ kúrò. Àǹtí kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí aago mẹ́ta fi lù, ó ti rí mẹ́jọ nínú àwọn mẹ́wàá. Gbogbo wọn wà nílé. Mẹ́rin kò rí ọwọ́ ara wọn. Ìbínú ló ń gbé e rìn, òrùka irin inú àpò rẹ̀ sì ń dún wọnjan-wọnjan. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, ó ń sọ nínú ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìyá Ó-ti-yá ló wà ní ìloro yẹn ńkọ́, ṣé ògiri ni ì bá lẹ ìwé mọ́?

“Ìwọ tí o ni irin tó ń dún yẹn!”

Ó dúró. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé kan. Àǹtí mọ ilẹ̀kùn náà. Ilé ìkọkànlá ni.

“Ìwọ lo kan ilẹ̀kùn lánàá.”

“Bàbá… ẹ wà nílé lánàá?”

“Níbo ni káfíńtà tó ti fọ́jú fẹ́ rè? Mo gbọ́ ọ. Mo ní ‘Mò ń bọ̀,’ ohùn ni kò jáde tó. Nígbà tí n óò fi ṣílẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ nìkan ni mo bá.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ni mo ṣe gbé àga síbí látàárọ̀. Mo ní bó bá tún wá, kò ní ríbi sá gbà.”

Àǹtí wo inú ilé. Lẹ́yìn bàbá, ó rí okùn kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ó ga dé ìbàdí, láti ẹsẹ̀ ibùsùn wá sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ta kókó sí i kí ọwọ́ lè mọ ibi tó dé: kókó kan nídìí tábìlì, méjì níbi tí ilẹ̀ ti gùn sókè, mẹ́ta lára ilẹ̀kùn.

“Ta ló bá yín ṣe é, bàbá?”

“Ta ni ì bá tún ṣe é? Ojú ló fọ́, ọwọ́ kò fọ́.”

Ó yọ okùn tirẹ̀, ó nà án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá. Láti ibùsùn dé ilẹ̀kùn kò tó mítà mẹ́fà. Ó ká okùn rẹ̀ padà sínú àpò.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ jókòó sórí ibùsùn.”

“Ṣé eré la fẹ́ ṣe ni?”

“Ẹ ṣáà bá mi ṣe é, sà.”

Ó dúró dè é títí ó fi jókòó, ó wá jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ọkọ̀ Ó-ti-yá ti yà wọ òpópónà, ó ń fọn fèrè. Àǹtí kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, gẹ́gẹ́ bó ti kàn án lánàá, ó sì fi etí lé pákó. Oókan. Eéjì. Ó gbọ́ tí ibùsùn dún. Ẹẹ́fà. Eéje. Ọwọ́ ń fà lórí okùn.

“Àǹtí, ó ti yá o!”

Oókàndínlógún. Ogún.

“Mo ti dé kókó kìíní,” ni ohùn kan wí nínú ilé, ohùn tó jẹ́ pé etí tó wà lára pákó nìkan ló lè gbọ́ ọ.

Àǹtí rọra gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Oókànlélógún. Eéjìlélógún.