Eré Ìdákú Nílé Doña Eudocia

Ní àdúgbò wa nílùú Chone, kò sẹ́ni tó ń wo àìsàn ìjáyà bíi Doña Eudocia. Bí ajá bá lé ọmọ, tàbí tí odò fẹ́ gbé e lọ, tí ọkàn rẹ̀ fò jáde tí kò padà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Á fi ẹyin adìẹ tútù ra á lára látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á fọ́n ọtí ìrèké sí i lójú, á sì máa pe orúkọ ọmọ náà pé kó padà wálé. Ọmọ á sunkún, á sùn, ara rẹ̀ á yá. Ó ti wo èmi náà sàn rí, mi ò ní purọ́.

Ohun tó kó bá wa lórí ọ̀rọ̀ Éver, ọmọ ọmọ rẹ̀, nìyẹn. Èmi ni ìyá ìsàmì ọmọ náà, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé wa. Ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balágà ni, ẹlẹ́fẹ̀ ọmọ. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí ń fọ́ òun. Ojú rẹ̀ á pọ́n bíi ti ẹni tí èéfín kó sí lójú. Á jókòó ti oúnjẹ, a ó pè é, kò ní dáhùn. Yadira ìyá rẹ̀ ní ìjáyà ni. Ta ló fẹ́ jiyàn? Ni ìyá àgbà bá bẹ̀rẹ̀ ìwòsàn, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Éver á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀:

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà ẹ mu díẹ̀ níbẹ̀ o. Ẹ kàn ń fi gbogbo ọtí yìí ṣòfò lójú mi ni."

"Panu mọ́, aláìnítìjú! Ọkàn ẹ ò tíì wọlé, ẹnu ẹ ti wọlé."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pe Yadira. Ó ní, "Ìyá Éver, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe ìjáyà. Eré kan ni àwọn ọmọ yìí ń ṣe. Wọ́n á dá èémí ara wọn dúró títí wọ́n á fi dákú. Wọ́n ní ó máa ń dùn mọ́ àwọn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan o, ó lè kú."

Yadira gbé ìbínú wálé. "Ṣé ó rò pé wèrè ni mo bí ni? Ta ló ń fi ikú ṣeré?" Síbẹ̀, àyà rẹ̀ ti já. Ó pe ọmọ náà síwájú gbogbo wa. "Éver, wo ojú mi. Ṣé o ń ṣe é?"

"Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo ti jáwọ́."

Mo ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Doña Eudocia ranjú mọ́ mi bíi pé mo bú u. "Ṣé dókítà ló bí i? Bó bá dákú, ọkàn rẹ̀ ló jáde. Bó bá sì jáde, mo mọ bí mo ṣe ń pè é."

Yadira wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó sì gba ti ìyá rẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò kí wọn ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, a ti parí ìjà. Yadira ń sá kòkó létí títì. Èmi ń bá Doña Eudocia rin wàràkàṣì sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gún ní kíṣìnì rẹ̀. Éver wà ní yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. A pè é wá jẹun, a ò gbọ́ ohùn. A tún pè é. Nígbà tí a já ilẹ̀kùn, ó ti tutù lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀.

Ìyá àgbà sáré lọ gbé ẹyin, ó gbé ọtí, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ò pẹ́ rárá kó tó jáde sí wa. Ó ní kò sóhun tí òun lè ṣe mọ́, pé ọpọlọ tí kò bá rí afẹ́fẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Níbi àdúrà tí a ń gbà fún un lẹ́yìn ìsìnkú, Jostin ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá wa. Ó jẹ́wọ́ pé òun náà ti ṣe eré yẹn.

"Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà yín ni?" Yadira bi í.

"Rárá, Àǹtí. Éver ló ní ká má bẹ̀rù. Ó ní bí ẹnì kan bá pẹ́ jù lọ́hùn-ún, ìyá àgbà òun á pè é padà. Ó ní gbogbo ìgbà ni wọ́n ń pe òun, òun sì ń padà."

"Kí ló wá dé tó fi dá a ṣe?"

"Kì í dá a ṣe tí kò bá sẹ́ni nílé, Àǹtí. Àfi tí ìyá àgbà bá wà ní kíṣìnì."

Àdúrà dáwọ́ dúró. Láti ọjọ́ tọ́mọ ti kú, Doña Eudocia ò tíì sunkún. Ó gbé orí sókè.

"Ṣé ó pè mí?"

"Mi ò mọ̀, ìyá àgbà. Mi ò sí níbẹ̀."

Ó yíjú sí mi. Èmi wà níbẹ̀. Epo ń ta lórí iná, rédíò ń kọrin, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó tún bi mí.