Ìràwọ̀ Méjì Bàbá Lo

1.
(ìkìlọ̀ tí Yu-fen lẹ̀ mọ́ ojúde ẹgbẹ́ òǹkàwé rẹ̀ lórí fóònù)

…nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ apààyàn inú *Èbúté Tó Dákẹ́* kí gbogbo wa tó kà á tán, a ó yọ ọ́ kúrò. Kò sí ojúsàájú.

2.
Ọjọ́ tí ìwé náà jáde, òjò ń rọ̀ ní ìlú Chiayi. Chiu Yu-fen ti ilé oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ pa, ó lọ tò síwájú ilé ìtàwé. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti já a sílẹ̀, àwọn òǹkàwé tó kó jọ sórí fóònù ni ẹbí rẹ̀.

Bàbá Lo ni àgbà wọn. Ọkọ̀ ojú irin ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ìwé Shih Man-ling, òǹkọ̀wé *Èbúté Tó Dákẹ́*, tí kò kà, kò sì sí ọ̀kan tó ti mọ apààyàn rẹ̀ kí òǹkọ̀wé tó fi í hàn. Ohun tó fi fẹ́ràn obìnrin náà nìyẹn.

3.
(ìwé ìròyìn kan, nípa ìwé náà)

«Ìparí rẹ̀ gbá mi létí.»

4.
KAI-TING: Mo ti kà á tán o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń rápálá, ẹ pẹ̀lẹ́.
YU-FEN: Ṣọ́ ẹnu ẹ, Kai-ting.
KAI-TING: Àǹtí, mi ò tíì sọ nǹkan kan.
BÀBÁ LO: Ìdajì ni mo dé. Dókítà yẹn ni mò ń wò. Ẹ̀rín ẹ̀ ti pọ̀ jù.
KAI-TING: Bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́sí, ajá lẹ mú.
BÀBÁ LO: Ajá yẹn mọ nǹkan kan.

5.
(sí Yu-fen nìkan)

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Hui-chun ni mí, ọmọ Bàbá Lo. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró wọn ti le. Ojú wọn ò gbé ìwé mọ́. Mo ní kí n kà á fún wọn, wọ́n ní mò ń sáré jù. Wọ́n fẹ́ kí ẹ sọ ẹni tó pa olùkọ́ inú ìwé náà fún àwọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kò ní pẹ́ mọ́.

6.
Ẹyin jóná lórí iná. Yu-fen pe Bàbá Lo lórí fóònù.

— Bàbá, ẹ kú ìnira.
— Òfin ẹgbẹ́ ńkọ́?
— Èmi ni mo ṣe é.
— Má tíì sọ. Dókítà ni, àbí?

Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Ẹ̀rọ kan ń bá a mí.

Kì í ṣe dókítà. Ìyá arúgbó tó rí òkú létí omi, tó sunkún ju gbogbo ìlú lọ, òun ló pa á. Ṣùgbọ́n àánú bàbá náà ṣe Yu-fen. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kó rò pé òun mọ̀ ọ́n.

— Dókítà ni, Bàbá. Ẹ mú un lónìí.

7.
Bàbá Lo kò rẹ́rìn-ín.

8.
(ohun tí Bàbá Lo ní kí Hui-chun tẹ̀ sí ojúde tí gbogbo òǹkàwé ti ń díwọ̀n ìwé, ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún)

Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń bá òǹkọ̀wé yìí bọ̀. Kó tàn mí ni mo ṣe ń wá a. Èyí, mo ti mọ̀ ọ́n láti ìdajì. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ èmi náà. Mi ò bínú sí i.

9.
(Hui-chun, sí ojúde ẹgbẹ́)

Bàbá wa, Lo Cheng-te, jáde láyé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ má ṣe mú òdòdó wá.

10.
KAI-TING: Àǹtí, Bàbá kọ ọ́ pé àwọn mọ̀ ọ́n láti ìdajì. Dókítà kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?
YU-FEN: Èmi.
KAI-TING: Ká ní òótọ́ lẹ sọ fún wọn, ìràwọ̀ márùn-ún ni wọn ì bá fún ìwé náà.
YU-FEN: Mo mọ̀.
KAI-TING: Àwọn èèyàn ń fọwọ́ sí àríwísí yẹn. Ẹnì kan lóun ò ra ìwé náà mọ́. Ṣé ká ní kí wọ́n yọ ọ́?
YU-FEN: Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn, Kai-ting.

11.
Tùràrí ń rú níwájú àwòrán Bàbá Lo. Hui-chun di ọwọ́ Yu-fen mú.

— Wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní ẹ ò tan àwọn.

Yu-fen la ẹnu láti jẹ́wọ́.

— Mo ti ń ka ìwé náà fúnra mi, Hui-chun wí. Mo fẹ́ rí ibi tí Bàbá ti mọ̀ ọ́n. Ó kù díẹ̀ kí n parí ẹ̀.